Pẹ́pẹ́yẹ Ìdúpẹ́ Sáu Nhàn

Bí ẹ bá fẹ́ bá Sáu Nhàn jà, ẹ má wulẹ̀ bú ìyá rẹ̀, ẹ má sì pè é lólè. Ẹ kàn sọ pé kò moore. Obìnrin náà yóò sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, yóò ká ṣòkòtò dé orúnkún, gbogbo ẹni tó ń gbé ní etí odò náà yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, àwọn tó sì ń da pẹ́pẹ́yẹ kiri, oore olóore ni wọ́n ń jẹ. Sáu ò ní ilẹ̀. Oko tí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì rẹ̀ tán ni pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ pèéṣẹ́. Wọn á ṣa ìrẹsì tó bọ́ sílẹ̀ jẹ, wọn á ṣa ìgbín jẹ, wọn á sì yàgbẹ́ síbẹ̀ fún olóko kí ilẹ̀ rẹ̀ lè lọ́ràá. Bí oko yìí bá tán, ó di oko mìíràn, ó di ìpínlẹ̀ mìíràn, títí òjò yóò fi lé kálukú sílé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oko tí Sáu ti bá olóko rẹ̀ sọ sílẹ̀ ti kún fún omi kó tó débẹ̀. Ló bá kó agbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń ti ẹnu odò kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ti fún ẹlòmíràn lóko. Àwọn kan ò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ebi ń pa àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà, ariwo wọn sì pọ̀ débi pé Sáu fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá wọn sunkún. Níbi tó ti ń kọjá lẹ́yìn ilé Bàbá Tám Kiệm ni bàbá náà ti yọjú láti ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ àti ẹja lọ́wọ́.

“Ta ló ń na ọmọ lójú omi yẹn?” ni bàbá náà béèrè.

“Ebi ló ń nà wọ́n, Bàbá. Kì í ṣe èmi.”

“Kí ló dé tí o ò bọ́ wọn?”

“Mi ò lóko.”

“Oko mi rèé níwájú rẹ. Àbí ojú ń dùn ọ́ ni?”

Bí Bàbá Tám ṣe ṣí oko rẹ̀ sílẹ̀ fún un nìyẹn. Kò béèrè nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti Rạng ọmọ rẹ̀ àti Hường ìyàwó Rạng ni wọ́n jọ ń gbé, pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan tí àwọn yẹn bí. Sáu pa àgọ́ rẹ̀ sórí ebè gíga tó wà láàárín oko àti odò. Ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, Hường gbé ìrẹsì gbígbóná àti ẹja wá fún un, ó ní bàbá ní kí àwọn má jẹ́ kí àlejò dáná lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Sáu jẹun, ó sì ń ronú ohun tí òun yóò fi dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Nígbà tí oko náà fẹ́ máa tán, àsìkò tó láti kó agbo kọjá sí ìpínlẹ̀ kejì. Òfin sì wà: pẹ́pẹ́yẹ kankan ò gbọdọ̀ kọjá ààlà láìṣe àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ni Ngà ṣe dé. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ilé àyẹ̀wò àwọn ẹran ọ̀sìn ti ìpínlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó bo imú àti ẹnu, ó sì gbé kúlà kan tí yìnyín kún inú rẹ̀ dání.

Ó ní kí Sáu máa mú pẹ́pẹ́yẹ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Sáu á di apá méjèèjì ẹyẹ náà mú mọ́yà, Ngà á la ẹnu rẹ̀, á fi igi tín-ín-rín tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí ra ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn náà á yí i padà, á mú igi mìíràn, á fi ra ihò ìdí rẹ̀. Á wá ṣẹ́ orí igi méjèèjì sínú ìgò kékeré tí omi wà nínú rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ márùn-ún ló ń pín ìgò kan.

Sáu ò lè pa ẹnu mọ́. “Ọmọ yìí, ìwé mélòó lo kà kí wọ́n tó rán ọ sí ìdí pẹ́pẹ́yẹ?”

“Mo kàwé gan-an o, Àǹtí Sáu. Àwọn tí ò kà tó tèmi, ìdí adìyẹ ni wọ́n rán wọn sí.”

Sáu rẹ́rìn-ín débi pé pẹ́pẹ́yẹ ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti fẹ́ràn ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà á gbọ́.

“Kí lẹ ń wá níbẹ̀ gan-an?” ni ó béèrè.

“Kòkòrò tí ojú kì í rí. Lùkúlùkú ẹyẹ la kọ́kọ́ ń wá. Tí a ò bá rí i, a ó wá èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, a ó sì wá èyí tó ń mú ẹsẹ̀ wọn gbọ̀n tí wọn ò fi ní yé mọ́.”

“Wo àwọn ọmọ mi! Wo bí ìyẹ́ wọn ṣe ń dán! Ṣé aláìsàn ló ń jẹun báyìí? Mo sì ti gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára.”

“Abẹ́rẹ́ dáa, Àǹtí, àmọ́ kì í mú gbogbo wọn. Adìyẹ ni àìsàn máa ń hàn lójú ẹ̀ kíá. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e sára kó máa jẹun, kó máa yé, kó tún máa lé yín kiri oko.” Ó ti ìdérí kúlà. “Ẹ jọ̀ọ́, títí n ó fi pè yín, ẹ má kó wọn lọ síbì kankan. Ẹ má tà, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni.”

“Mo gbọ́,” ni Sáu wí. Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ nínú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni ọmọ náà ń sọ. Kò sí ìjọba tó lè ní kí ènìyàn má dúpẹ́ lọ́wọ́ olóko. Ọ̀dọ̀ àwọn adàpẹ́pẹ́yẹ, ẹni tó bá kúrò lóko ẹlòmíràn láìfi pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀, kó yáa má padà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ sì bá ìgbà mu, nítorí ọjọ́ ìrántí ikú ìyàwó Bàbá Tám ti dé tán. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, Sáu wọ inú agbo, ó ṣa mẹ́rin tó sanra jù, ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé wọn lọ sílé bàbá náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

“Bàbá, ti Ìyá Rạng nìyí. Ẹ bá mi sọ fún un pé àlejò rẹ̀ ló dúpẹ́.”

Bàbá Tám wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà pẹ́. Ojú rẹ̀ rọ̀. “Obìnrin yẹn! Kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí a kò sè. Ó fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Sáu, o ṣeun. Lọ́la, ọ̀dọ̀ wa lo ti máa jẹun.”

Inú Sáu dùn bó ṣe ń padà lọ sí àgọ́. Ó ti san ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì sùn bí ọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń ṣa ẹyin nínú koríko lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

“Àǹtí Sáu, ṣé ẹ wà ní ìjókòó?” Ngà ni.

“Ta ló ń jókòó láàárọ̀? Ẹyin ni mò ń ṣà.”

“Ẹ gbé ẹyin náà sílẹ̀. A rí i, Àǹtí. Lùkúlùkú ẹyẹ ni.”

Sáu dúró. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń sọ ti wọn, wọ́n ń fi ẹnu gún ẹrẹ̀. Ara gbogbo wọn le koko.

“Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́,” ni ó wí.

“Èmi náà gbàdúrà pé kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bu omi mìíràn nínú ìgò yẹn, mo fi omi lásán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi dán ẹ̀rọ wò, mo tún bẹ ọ̀gá mi kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é. Omi lásán ò mú nǹkan kan jáde. Ti yín mú un jáde ní gbogbo ìgbà. Ẹ má bínú sí mi.” Ó tún béèrè pé, “Àǹtí, ṣé pẹ́pẹ́yẹ kankan ti kúrò nínú agbo látìgbà tí mo lọ?”

“Rárá,” ni Sáu wí.

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀. Ojú ló ń tì í. Báwo ni ènìyàn ṣe máa gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ òkú? Olóko wo ló tún máa ṣí oko fún obìnrin tó gbé àìsàn wá síbi ìrántí?

Ngà ò jà, kò sì halẹ̀. “Ó dáa,” ni ó wí. “N ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pé Àǹtí Sáu Nhàn jẹ oko bàbá olóko tán, kò sì fi ìyẹ́ kan ṣoṣo dúpẹ́.”

“Kí lo wí?”

“Ohun tí ẹ sọ ni mò ń kọ. Kò sí pẹ́pẹ́yẹ tó kúrò. Ìyẹn ni pé kò sí ọpẹ́.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń pè ní aláìmoore? Èmi Sáu? Mẹ́rin ni mo gbé fún Bàbá Tám! Mẹ́rin tó sanra jù nínú agbo! Lọ béèrè! Láti kékeré mi, mi ò kúrò lóko ẹnikẹ́ni rí lọ́wọ́ òfo—”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá mi náà da pẹ́pẹ́yẹ títí wọ́n fi darúgbó, Àǹtí,” ni Ngà wí jẹ́jẹ́. “Àwọn náà ò lè kúrò lóko láìdúpẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti dúpẹ́. Kí ni bàbá yẹn fẹ́ fi wọ́n ṣe?”

“Òní ni ìrántí ìyàwó wọn. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà ṣe…”

“Ẹ̀jẹ̀ tútù?”

“Ẹ̀jẹ̀ tútù.”

“Ẹ máa sáré lọ, Àǹtí! Wọn ò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló ń pa. Èmi náà ti ń bọ̀.”

Sáu pe fóònù Bàbá Tám títí. Ta ni yóò gbọ́ fóònù nínú ilé tí wọ́n gbé sípíkà síta, tí ìbátan mẹ́ta ń du makirofóònù láti kọrin? Ó fò sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ò jìnnà, àmọ́ n kò ní purọ́ fún yín, ó ní ibì kan lójú omi náà tí ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Ó rántí pé àwọn ènìyàn ń jẹ ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ láti ayébáyé, wọn ò sì kú. Bóyá kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bóyá òun lè padà sẹ́yìn, kí òun sọ pé òun débẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ. Ó tẹ ẹ́ńjìnnì náà débi tí omi fi ń fò wọ inú ọkọ̀.

Ilé kún. Wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti to àwo, ọtí ìrẹsì ti wà nínú ife kéékèèké. Àmọ́ kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, òkú ló kọ́kọ́ ń jẹun. Oúnjẹ wà lórí pẹpẹ níwájú àwòrán Ìyá Rạng, àwo ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, tó pupa, tí wọ́n wọ́n ẹ̀pà sí lórí, ló wà láàárín. Igi tùràrí mẹ́ta ń jó lọ́wọ́, ó sì di ìgbà tí wọ́n bá jó dé ìdí kí alààyè tó lè gbé àwo sọ̀kalẹ̀. Ibi tí Sáu kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ó ku bí ìka ọwọ́ kan kí wọ́n jó tán. Ó ní, “O ṣeun, Ìyá Rạng, o ṣeun tí o jẹun pẹ́.”

Rạng rí i. “Ẹ wo olóore wa! Àǹtí Sáu, ẹ wá síbí. Ẹ̀jẹ̀ ń dúró dè wá o, màmá wa ló ń fi falẹ̀!”

“Ẹ má jẹ ẹ́,” ni Sáu wí. Sípíkà bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rìn lọ síbi sípíkà náà, ó fa wáyà rẹ̀ yọ. Ilé pa lọ́lọ́. “Ẹ má jẹ ẹ́! Àìsàn wà lára pẹ́pẹ́yẹ tí mo gbé wá. Lùkúlùkú ẹyẹ ni. Ilé àyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni. Mo ti wá gbé wọn padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáríjì mí.”

Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ní pẹ́pẹ́yẹ tó lè sáré tó bẹ́ẹ̀ ò lè ṣàìsàn. Rạng dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Àǹtí Sáu, ẹ ti mutí wá ni? Lẹ́nu màmá mi lẹ fẹ́ ti gba oúnjẹ? Tùràrí ò tíì jó tán! Ta ló ń gbé àwo níwájú ẹni tó ń jẹun?”

“Rạng, jókòó,” ni Bàbá Tám wí.

Bàbá náà dìde. Ó wo ojú Sáu dáadáa, kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó lọ síwájú pẹpẹ, ó mú owó ẹyọ méjì àti àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bá òkú sọ̀rọ̀. Bí ojú kan bá hàn, tí ẹ̀yìn kan hàn, òkú gbà nìyẹn. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, kò gbà.

“Ìyá Rạng,” ni ó wí, “jẹ́ kí a gbé ẹ̀jẹ̀ yìí kúrò níwájú rẹ. A ó wá nǹkan mìíràn fún ọ.”

Ó da owó náà. Ojú méjèèjì ló yọ. Àwọn ìbátan kùn.

Ó tún un dà. Ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n òkú náà ní, “Ṣé ẹ rí i? Àbúrò mi ò gbà. Bó ṣe rí nígbà ayé ẹ̀ nìyẹn, kì í dá àwo padà!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Omijé ń bọ́ lójú Sáu, kò sì nù ún.

Bàbá Tám mú owó náà fún ìgbà kẹta. Ó gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó sì wo àwòrán ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó owó náà sápò.

“Ìyá Rạng,” ni ó wí, “látìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, ìgbà gbogbo ni mò ń gbàyè lọ́wọ́ rẹ kí n tó ṣe nǹkan. Ti òní, mi ò gbàyè. Tó bá dọ̀hún, kí o bá mi jà.”

Ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo ẹ̀jẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ó gbé e gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ sẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Ibi tí wọ́n ti ń wo bó ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ ni Rạng ti sún mọ́ Sáu. Ìbínú ti tán lójú rẹ̀. “Àǹtí,” ni ó wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, “èmi ni mo pa wọ́n. Hường ló tu wọ́n. Nígbà tí mo ń po ẹ̀jẹ̀ yẹn, mo fi ìka tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ tó.”

Èyí ló wá di ẹrù orí Sáu. Ẹ̀jẹ̀ ti wọlẹ̀, àmọ́ ìka kan ti wọ ẹnu.

Ngà dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú aṣọ funfun tó bò wọ́n látòkè délẹ̀, àwọn eléètò ìlera náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fún Rạng àti Hường àti Sáu ní oògùn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n wà, kí wọ́n má dàpọ̀ mọ́ ènìyàn. Òwú orí igi tí Sáu fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọ imú òun náà àti ọ̀fun rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

“Ẹ ò béèrè ìwé tí mo kà lónìí o, Àǹtí,” ni Ngà wí.

Ti agbo náà, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n da ẹfun sí i, àmọ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà ń sá fún aṣọ funfun, wọ́n tú káàkiri oko. Ngà wá bá Sáu, kò lè wo ojú rẹ̀. Sáu mọ ohun tó fẹ́ béèrè. Ó dìde, ó lọ sétí oko, ó pè wọ́n bó ṣe máa ń pè wọ́n lójoojúmọ́, ó ń fi ahọ́n lu òkè ẹnu. Gbogbo wọn sáré wá bá a. Ohun tó dùn ún jù láyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ngà dì í mú títí wọ́n fi ṣe é tán. Ọmọ náà ò sọ pé kó má sunkún. Sáu dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn náà.

Ìdúró de èsì àyẹ̀wò ló wá kù. Àgọ́ rẹ̀ wà lórí ebè bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ oko ti dákẹ́. Láàárọ̀, yóò dìde kó tó rántí pé kò sí ohun tí òun fẹ́ dà. Yóò wá wo ilé Bàbá Tám lókèèrè. Bí èéfín bá yọ ní ilé ìdáná, yóò mí. Bó bá gbọ́ tí Rạng wúkọ́, ìkọ́ tó jẹ́ pé bóyá ata ló fà á, àyà rẹ̀ á já. Kò gbàdúrà nípa agbo rẹ̀ mọ́. Àdúrà rẹ̀ ni pé bí òun bá tún ní agbo mìíràn, kí ikú mú ìyẹn náà, kí Rạng ṣá ti yè.

Ní ọ̀sán kan, ọkọ̀ Ngà gúnlẹ̀. Kò wọ aṣọ funfun. Kò tíì so ọkọ̀ tó fi ń pariwo láti ojú omi.

“Kò sí! Kò sí lára ẹnikẹ́ni! A ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò sí!”

Hường bú sẹ́kún, ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ sókè. Rạng jókòó sílẹ̀ pátápátá, ó ń wo ìka rẹ̀. Bàbá Tám na ọwọ́ sí Ngà láti fà á gòkè.

“Ọmọ mi, o ṣeun. O ṣeun, o ṣeun.”

“Ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Bàbá.”

“Ẹ̀rọ rí àìsàn, ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ènìyàn máa ń dúpẹ́ lóko. Ìwọ lo mọ̀.”

Lórí ebè, Sáu gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú àgọ́, ó fi orí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó lè rántí, alààyè àti òkú. Àmọ́ kò lọ bá wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó rò pé ó kéré tán, òun lè mú ojú òun kúrò níwájú wọn kí wọ́n tó lé òun.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ká ẹní nígbà tí Bàbá Tám wọlé, ó gbé abọ́ onídèérí dání. Kò bi í ibi tó ń lọ. Ó jókòó sórí àpótí kan.

“Sáu, o kúrò níbi ìrántí láìgba ìpín rẹ. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ìrántí wo, Bàbá? Ṣebí èmi ni mo bà á jẹ́.”

“A ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe tán. Ẹja ni a fi ṣe é. Ìyá Rạng jẹ ẹ́, ó ń ráhùn, mo mọ̀.” Ó gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀. “Tìrẹ nìyí.”

“Bàbá, mo gbé ikú wọ ilé yín.”

“O gbé e wá.” Bàbá náà fa irùngbọ̀n rẹ̀ díẹ̀. “Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e wá sílé onílé, wọn kì í mọ̀. Mo ti darúgbó, Sáu. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó sáré padà wá gbé e lọ.”

Sáu sọ ẹní ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó.

“Àwọn tó ń da pẹ́pẹ́yẹ láti òkè odò wá bá mi láàárọ̀,” ni bàbá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Wọ́n fẹ́ gba oko yìí fún ìkórè tó ń bọ̀. Mo ní mo ti fún ẹnìkan.”

“Ta lẹ fún?”

“Ìwọ.”

“Bàbá, mi ò ní pẹ́pẹ́yẹ kankan!”

“Mo mọ̀.”

“Kì í ṣe ìkórè kan ni màá fi kó agbo jọ. Bí pẹ́pẹ́yẹ ò bá wọ oko yín, ìgbín máa kún ibẹ̀. Wọ́n máa jẹ ìrẹsì yín.”

“Wọn ò lè jẹ ẹ́ tán. Wọ́n máa jẹ díẹ̀.” Bàbá Tám wo oko rẹ̀ tó lọ títí dé ẹsẹ̀ àwọn igi àgbọn. “Kí wọ́n jẹ. Màá dúró dè ọ́.”

Sáu dìde. Ó wo inú àgọ́ náà yíká, ó wo abẹ́ ẹní, ó wo inú apẹ̀rẹ̀, ó ń wá ohun kan, ohunkóhun, tí òun lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé lé bàbá náà lọ́wọ́. Ìkòkò kan àti akẹ̀tẹ̀ kan ló kù. Kò sí pẹ́pẹ́yẹ, kò sí ẹyin. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò rí oore gbà rí kí ọwọ́ rẹ̀ má rí nǹkan dá padà.

“Jókòó,” ni bàbá náà wí. “Oúnjẹ ń tutù.”

Ó jókòó. Ó ṣí abọ́ náà, ó jẹ ìpín rẹ̀ níwájú bàbá náà, kò sì fún un ní nǹkan kan padà.